Àbúrò Mi, Kọ́kọ́ Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò Náà

Àbúrò mi, o ní owó mọ́tò ti ń pé díẹ̀díẹ̀, o ní kí n bá ọ dá sí èyí tó o máa rà. O ò ṣi ẹni bi. Ẹni tó bá ń gbé Chikaji ní Zaria níbí, ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í wọ́n ọn létí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, títí ìrun Mọgaribi á fi dé, abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nítòsí àwọn mẹkáníìkì á ti di ilé ẹjọ́. Hausa wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò náà wà níbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní mọ́tò tó ń gbèjà. Ọ̀kan á ní kò sí ojú tó dà bíi ti Benz láyé yìí. Èkejì á ní ẹni tó ya ìdí Toyota tuntun yẹn, ebi ló ń pa á lọ́jọ́ náà.

Mo máa ń dúró gbọ́ wọn, torí òótọ́ pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n mọ gíà tí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí ọ létí, kí àwọn ọkọ wa má gbọ́: nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń dá lábẹ́ igi yẹn, n ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ ìjókòó ẹ̀yìn. Òde ni wọ́n ti ń wo mọ́tò, bí kò bá jẹ́ òde, á jẹ́ ìdí sítíà. Ìwọ lo máa so ọmọ mọ́ ìjókòó, ìwọ lo máa ki ẹrù ọjà sínú búùtù, ìwọ lo máa wé gèlè wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Mọ́tò tí wọ́n ń sọ yẹn kọ́ lo fẹ́ rà.

Ṣáà wo orúkọ tí wọ́n ń sọ mọ́tò nílẹ̀ yìí. Honda Accord kan ń jẹ́ Bulldog, òmíràn ń jẹ́ Baby Boy. Nígbà tí ti 2003 dé, wọ́n ní End of Discussion, bí ẹni pé wọn ò tún ní ya mọ́tò mọ́ títí ayé á fi parí. Kò pẹ́ tí Honda tún ìdí rẹ̀ ṣe, ni wọ́n bá ní Discussion Continues. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ le, wọ́n sọ ọ́ ní Evil Spirit. Camry ní Big Daddy, ó ní Muscle. Mercedes tí ìdérí búùtù rẹ̀ tín-ín-rín wálẹ̀, V-boot ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo fẹ́ràn àwọn orúkọ yìí gan-an. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó fi wọ́n polówó, àwọn tó dúró sẹ́bàá títì ló sọ wọ́n, wọ́n sì bá a mu. Ṣùgbọ́n tò wọ́n kó o rí i: ojú ni, iná ni, igẹ̀ ni, ìdí ni. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe ń ṣí.

Nítorí náà, bó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ìbéèrè kan ni kó o máa bi ara rẹ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta ni wọ́n ya eléyìí fún?

Ọ̀gá Citroën kan wà láyé àtijọ́ ní Faransé, Pierre-Jules Boulanger lorúkọ rẹ̀. Kí ogun Hitler tó dé ló ti ní kí àwọn ẹlẹ́rọ òun ṣe mọ́tò fún àgbẹ̀ oko: kó gba èèyàn, kó gba àpò ọ̀dùnkún, kó sì lè gba orí ebè kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹyin láìfọ́ ẹyọ kan. Ọ̀gbẹ́ni yìí ga. Wọ́n ní ṣe ló máa ń dé fìlà wọnú èyíkéyìí tí wọ́n bá kàn wá fún un. Bí òrùlé bá lè kan fìlà yẹn, kí wọ́n lọ tún un kàn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò náà, 2CV, jáde ní Paris ní 1948, àwọn oníròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí gáńgan, ó rí wọ́rọwọ̀rọ, iná rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Àmọ́ wọ́n ń ṣe é títí di 1990, torí pé àwọn tí wọ́n yà á fún mọ̀ pé àwọn ni wọ́n yà á fún.

Gèlè ni fìlà tìẹ, àbúrò mi. Wé e lọ. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé òde òní ni òrùlé rẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ wá sẹ́yìn láti orí dẹ́rẹ́bà, kó lè dà bí ẹni ń sáré kódà nígbà tó bá dúró. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn ìlà yẹn dé góńgó. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ló ń sanwó rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni òrùlé ń bọ̀ wá bá. Ní 2004, Volvo fa mọ́tò kan lé àwọn obìnrin nìkan lọ́wọ́ láti yà, wọ́n sì gbé e lọ síbi àfihàn ní Geneva, YCC ni wọ́n pè é. Ìrọ̀rí tó wà lẹ́yìn orí nínú rẹ̀ ní àlàfo láàárín, kí obìnrin tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn lè fẹ̀yìn tì dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń bu omi sí fún gíláàsì iwájú wà lára ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, nítòsí ibi tí epo ń gbà wọlé, láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn ò ṣe é tà rárá. Ó ṣì ń dùn mí.

Ká bọ̀ wálé. O mọ̀ pé èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́tò ní Zaria kó má dé orí Pijó, torí Kàdúná tó ti ń jáde kò pé kìlómítà 100 sí wa. 14 March 1975 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot níbẹ̀, 504 ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ará Ítálì, ilé Pininfarina, ló bá wọn lọ́wọ́ sí yíyà rẹ̀. Ní 1968 tí ó jáde, àwọn kan ní búùtù rẹ̀ ṣẹ́ wálẹ̀ bí ẹni pé nǹkan jókòó lé e. Iná iwájú rẹ̀ ńkọ́, tó rí bí ojú tí wọ́n fi tìróò lé? Wọ́n fún un ní oyè Mọ́tò Ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Nígbà tí Faransé fúnra rẹ̀ dáwọ́ ti onílẹ̀kùn mẹ́rin dúró ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró. Ọdún 2000 ti kọjá dáadáa kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ kì í ṣe ojú tìróò o. Ó jìnnà sílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì ń rọra gba kòtò mì. Mẹkáníìkì tó ní sípánà díẹ̀ àti ọpọlọ pípé lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi kó sì tò ó padà. Ní ti èyí, mo gbà fún àwọn oní-dóńgóyárò pátápátá. Bí o bá rí àgbà mẹkáníìkì tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504, wo ọwọ́ rẹ̀. Kì í wá nǹkan kiri. Ó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà, àyè sì wà fún apá rẹ̀ láti wọlé láìbó. Fi ìyẹn wé mọ́tò òde òní tí o ní láti tú bọ́mpà kó o tó lè pààrọ̀ gílóòbù iná kan.

Ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ tán, ṣé o rántí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá nínú Station Wagon? Wọ́n fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 fà á gùn ju 504 lásán lọ láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n fi sípíríǹgì méjìméjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹrù. Àwọn ọkùnrin á máa ka ìyẹn bí ẹni ń ka oríkì. Ta ni dẹ́rẹ́bà sì máa ń tì sí ìlà kẹta nínú gáréèjì? Ìyá àti ọmọ ni. O ní láti tẹ ìjókòó àárín síwájú, kó o ká ìró rẹ sókè, kó o gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kó o wá ọ̀nà tí èkejì máa gbà tẹ̀ lé e. Bó o bá jókòó tán, eékún rẹ ti dé àgbọ̀n. Èmi àti màámi la jọ máa ń wà níbẹ̀ láti Zaria lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tá a bá dé, màámi kì í lè nà tán kíá. Ẹni tó ya ẹ̀yìn mọ́tò yẹn kò wọ ìró rí.

Ti Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò Volkswagen, yàtọ̀. Èmi fẹ́ràn Ìjàpá ju bó ṣe yẹ lọ, jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ti Kàdúná, 21 March 1975, ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Kò sí mọ́tò tó ya jágbajàgba tó o: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, táǹkì epo náà wà níwájú. Kò ní rèdíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Fojú inú wo ìyẹn ní oṣù March ní Zaria níbí, nígbà tí rèdíétọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń hó lẹ́bàá ọ̀nà, tí Ìjàpá ń kọjá lára wọn jẹ́jẹ́. Àwọn kan lára rẹ̀ tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló ń ti omi jáde sí gíláàsì iwájú. Bó o bá fọ gíláàsì púpọ̀ nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ sípíà rẹ á ti dín kù kó o tó nílò rẹ̀! Síbẹ̀ ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe jáde láyé kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 2003. Igala tí wọ́n tún tò ní Ọ̀jọ́, tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà ẹ̀yìn ló wà, àmọ́ ara rẹ̀ tò tónítóní bíi mọ́tò ẹlòmíràn.

N ò ní kó o ra Ìjàpá o. Páàtì ti di ohun tí wọ́n ń fi àdúrà wá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé ẹni tó ń ya mọ́tò, nǹkan ló máa ń fi du nǹkan. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Jelani Aliyu, ọmọ Sokoto tí wọ́n bí ní Kàdúná ní 1966, wá sí Yunifásítì ABU níhìn-ín ní 1986 láti kọ́ iṣẹ́ yíya ilé. Kò pẹ́ tó fi kúrò, ó lọ sí Póòlì Birnin Kebbi, ibẹ̀ ló gbà dé Detroit tó ti kọ́ yíya ọkọ̀. Òun ni GM fi ṣe aṣáájú yíya ara òde Chevrolet Volt. Ní January 2007 tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòkọ́ṣe Volt han aráyé, ẹnu gbogbo ayé là: bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn, igun mímú, òrùlé kúkúrú tó tẹ́. Èyí tí wọ́n wá tà ní òpin 2010 kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé ti àkọ́kọ́ síwájú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bátìrì ì bá máa tètè tán. Ni wọ́n bá rọ igun yẹn kó kó, wọ́n tún ìdí rẹ̀ gé. Títí di òní ni àwọn aláfẹ́ mọ́tò ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ti àkọ́kọ́. Èmi fẹ́ràn èkejì. Èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Aliyu padà wálé ní 2017 láti darí àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọkọ̀ síṣe.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àpò rẹ. Má jẹ́ kí wọ́n fi ojú mọ́tò gba owó lọ́wọ́ rẹ. O mọ Toyota Matrix tí gbogbo obìnrin ń lé kiri. Ó ní ìkejì rẹ̀, Pontiac Vibe. Ìsàlẹ̀ Corolla ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì lé, ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jáde láti Kánádà, èkejì láti Fremont ní California, níbi tí Toyota àti GM ti jọ ní ilé-iṣẹ́ nígbà náà. GM pa orúkọ Pontiac rẹ́ ní 2010, nítorí náà wọ́n á sọ fún ọ lábẹ́ igi pé ọmọ òrukàn ni Vibe. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí ọjà bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ ni ẹni tó lè dúnàá-dúrà. Kìkì pé iná àti bọ́mpà Matrix kò bá ti Vibe mu, nítorí náà wo gbogbo iná rẹ̀ kó o tó sanwó. Èyí tó bá ti sán, béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ oní-páàtì kó o yọ ọ́ kúrò nínú owó. Ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, bó o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, gíláàsì ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ rẹ̀ sì máa ń dá ṣí láìṣí gbogbo búùtù. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì dá wà níbẹ̀, bó bá da omi, àkísà ni.

Honda Element ńkọ́? Àwọn ọkùnrin ní àpótí ni. Àpótí ni lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọjú sẹ́yìn ṣí, kò sì sí òpó láàárín òun àti ti iwájú, tó jẹ́ pé bí méjèèjì bá ṣí, odidi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ló ṣí sílẹ̀ fún ọ. Ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ní kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni wàá nù ún. Honda ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣeré létíkun ni àwọn ṣe é fún. Àwọn àgbà tó ń gbé ajá àti ẹrù ló lọ ń rà á. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń gbà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò sì ní ṣí àyàfi bí ti iwájú bá kọ́kọ́ ṣí. Bó o bá fẹ́ bí ọmọ kẹta, kọjá lára rẹ̀. Bí ẹrù bá ti pọ̀ ju ọmọ lọ, wò ó dáadáa. Ti Sienna, mi ò ní sọ púpọ̀: ilẹ̀kùn tó ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kò ní gbá odi, kò sì ní gbá oní-kẹ̀kẹ́ NAPEP tó bá ń kọjá lójijì, èyí tó jẹ́ ojoojúmọ́ ládùúgbò wa. Míkírà tí wọ́n fi ń ṣe takisí n'Íbàdàn, ẹ rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ yípo sókè, orí àgbàlagbà kì í kàn án.

Bó o ṣe máa dán an wò nìyí. Kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn, kí ẹni tó ga fa ìjókòó iwájú sẹ́yìn bó ṣe máa ń jókòó. Pa ilẹ̀kùn. Gbé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ bó o bá rí. Jáde, kó o tún wọlé pẹ̀lú ìró. Lẹ́yìn náà, mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún inú rẹ̀ lọ síbi búùtù. Ẹnu búùtù tó bá ga dé àyà rẹ, ẹ̀yìn rẹ ló máa sọ fún ọ láàárín oṣù kan. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mọ́tò, ki ọwọ́ rẹ sí abẹ́ bọ́mpà. Mẹkáníìkì tí mo fọkàn tán níhìn-ín, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n: á na ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀, ìka kékeré nísàlẹ̀, á gbé ọwọ́ kejì lé e. Èyí tí kò bá gba ọwọ́ méjì, gọ́tà Chikaji máa já bọ́mpà rẹ̀.

Jókòó sídìí sítíà wàyí, wo ẹ̀yìn. Mọ́tò tí wọ́n ya ìdí rẹ̀ kó rí bíi ti akíkanjú, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń kéré bí ojú fèrèsé ilé ìdáná, igun rẹ̀ sì máa ń nípọn tó lè bo odidi ọmọdé. Ọmọ pọ̀ ládùúgbò wa. Èyí tó bá ní fèrèsé lórí òrùlé, tẹ aṣọ òkè inú rẹ̀ wò. Bó bá ní àbààwọ́n, òjò ti ń wọlé. Ìjókòó dúdú lábẹ́ oòrùn Zaria, o mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì tó ṣeé fọwọ́ wá láìwò ó sàn ju gíláàsì tí èèyàn ń fìka tẹ̀ lọ, pàápàá nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bo gbogbo nǹkan. Ríìmù ńlá tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀já, fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kì í kúrò lórí títì dídán.

Wọ́n máa sọ̀rọ̀. Bó o bá gbé àpótí dé, ẹnì kan á béèrè bóyá fíríìjì lo rà. Má bínú. Mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni olè kì í tètè wò, òun náà ni wọ́n kì í wá yá lọ́wọ́ rẹ fún ìgbéyàwó.

Pè mí kó o tó sanwó, màá bá ọ lọ. Mẹkáníìkì tá a máa mú dání, má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà yàn án fún wa. Bí ọkọ rẹ bá sì ní òun máa tẹ̀ lé wa, kò burú, àmọ́ ẹ̀yìn ló máa jókòó sí nígbà tá a bá ń wà á yípo.